Ọmọ mi ní ẹranko inú ìtàn mi ò ní ìfẹ́ inú tiẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àríkẹ́ (Òkè-Fíà)
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káalẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná, mo ní kí n gbé e wá síbí torí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ pọ̀ níbí. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 8. Látìgbà tí táblẹ́ẹ̀tì tó fi ń wo káàtúùnù ti bàjẹ́ ni mo ti ń pa ìtàn fún un lálaalẹ́ kó tó sùn, èmi ni mò ń hun ún fúnra mi, ọmọbìnrin kan báyìí tó ń gbé Òṣogbo níbí tó ní ẹtu kan lọ́rẹ̀ẹ́, ẹtu yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó mọ òfuurufú í fò, á gbé e sẹ́yìn lọ síbi tẹ́nì kankan ò dé rí. Ó gbádùn ẹ̀ gan-an fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àfi lálẹ́ àná tó dá mi lẹ́nu kọ́ láàárín ìtàn, ó ní "Mọ́mì, kí ni ẹtu yìí gan-an ń fẹ́? Gbogbo ohun tọ́mọ yẹn bá ti ní kó ṣe náà ló ń ṣe. Ṣé kì í rẹ̀ ẹ́ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní kó lọ sùn, òun sùn, èmi ò sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pa ìtàn fọ́mọ, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ẹranko inú ìtàn á fi dà bí ohun tó wà láàyè? Ìwé tí wọ́n ń tà nípa ọmọdé àti ẹranko, ìkookò inú yìnyín ló kún inú ẹ̀, ó máa ń kà á, mi ò sì ní kó má kà á, àmọ́ mo fẹ́ kó ní tiwa náà, èyí tó jẹ́ pé tó bá yọjú lójú fèrèsé, á rí ibi tí ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀.

Tíṣà Àgbà
Ìyá Àríkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Inú mi dùn sí ọmọ yín débi pé mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní pámárì, àwọn tó bi mí nírú ìbéèrè yẹn ò pọ̀. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé ọ̀kadà ni ẹtu yẹn, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀, tán.

Ẹ rántí ààlọ́ ọdẹ tó ní ajá mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọ̀pàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáraawé. Mo máa ń pa á fún kíláàsì mi lọ́jọ́ Fúráìdè tí ilé-ìwé bá kù díẹ̀ kó jáde. Ẹ wò ó dáadáa: ajá kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tiẹ̀, ọ̀kan á gé ọ̀tá wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ọ̀kan á gbé e mì, ọ̀kan á gbálẹ̀ ibẹ̀ mọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, ìtàn ti wó nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára àwọn ajá ló ń jẹ́ kọ́mọ dì mọ́ ara wọn lórí bẹ́ńṣì. Ohun tó ń ṣe é ni pé ilé lọdẹ fi wọ́n sí! Ọdẹ wà lókè igi, àwọn tó fẹ́ pa á ń gé igi nísàlẹ̀, ó ń pe ajá, ajá wà nílé. Tó bá jẹ́ pé àwọn ajá ti wà nídìí igi látìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ìtàn á ti tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fún ẹranko yín ní iṣẹ́ kan tí ọmọ yẹn ò lè ṣe láéláé, kẹ́ ẹ sì ya àwọn méjèèjì nípá nígbà tí nǹkan bá le jù. Fífò yẹn, tèmi bá ni, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹranko tó lè fò kúrò nínú gbogbo wàhálà, kí ló kù tó fẹ́ bá ọmọ yẹn bẹ̀rù?

Bàbá Ìbejì
Mo fara mọ́ ohun tí Tíṣà sọ. Kẹ́ ẹ jẹ́ kẹ́ranko yẹn kéré náà. Èyí tọ́mọ lè gbé sápò yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé ọmọ. Àwọn tèmi ní alángbá, wọn ò fẹ́ nǹkan míì.

Ọmọ Ọdẹ
Ẹ káalẹ́ ma. Bàbá mi ọdẹ ni, mo ń tẹ̀lé wọn wọgbó títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdírì, tó bá jẹ́ èmi ni màá ní kẹ́ ẹ fi ẹtu yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ mú òkété. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹtu ojora ẹranko ni, tó bá gbọ́ kí ewé ṣẹ́ báyìí ó ti lọ, ẹ ò lè rí i kó dúró bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ọmọ tó bá ti rí ẹtu rí á mọ̀ pé irọ́ ni. Òkété ńkọ́? Òkété kì í jáde lọ́sàn-án, alẹ́ ni tiẹ̀, ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran àmọ́ imú ẹ̀, hà, imú ẹ̀ ni gbogbo ìgbésí ayé ẹ̀, ó ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì tó máa ń kó ẹyìn àti ẹ̀pà sí, á wá lọ kó o jọ sínú ihò, ihò yẹn a jìn, yàrá a wà nínú ẹ̀, ibi oúnjẹ lọ́tọ̀, ibi oorun lọ́tọ̀. Ẹ wá wo ohun tí èyí ṣe fún ìtàn yín: ọmọ ní ojú, òkété ní imú, ọ̀sán lọmọ mọ̀ ọ́n rìn, òru ni òkété mọ̀ ọ́n rìn, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ jọ rìn? Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ fara da nǹkan torí èkejì. Ẹ ò tiẹ̀ ní wá ibi tí ìjà ọ̀rẹ́ ti máa wá, ó ti wà nínú ẹran ara wọn.

Ìyá Àríkẹ́ (Òkè-Fíà)
Ọmọ Ọdẹ, ẹ ṣé gan-an, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù kan ló ń bà mí sha. Ṣé òkété yìí kọ́ ni wọ́n ń pòwe mọ́ pé "òkété, báyìí ni ìwà rẹ, o bá Ifá mulẹ̀, o da Ifá"? Ìyá mi àgbà máa ń sọ ọ́ sí ẹni tó bá dalẹ̀. Mi ò fẹ́ fún ọmọ mi ní ọ̀dàlẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Òròkí
Ìyá Àríkẹ́, ẹ ti rí i, ẹ má jẹ́ kó bọ́! Ọmọ yín ní kí ni ẹranko yẹn ń fẹ́. Ohun tí òkété ń fẹ́ nìyẹn. Látọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni gbogbo ìlú ti ń fi orúkọ ẹ̀ bú ọ̀dàlẹ̀, òkété tó wà nínú ìtàn yín ò sí níbẹ̀ nígbà tọ́rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀, baba ńlá baba ẹ̀ ló ṣe é, àmọ́ òun ló ń jẹ ìyà orúkọ. Ó fẹ́ wẹ orúkọ ẹ̀ mọ́. Ìdí tó fi tẹ̀ lé ọmọdé nìyẹn, torí ọmọdé nìkan ni kò tíì gbọ́ òwe yẹn.

Kẹ́ ẹ wá jẹ́ kọ́mọ yẹn gbọ́ òwe yẹn lọ́jọ́ kan. Lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn, lọ́jọ́ tí òkété bá fi nǹkan pa mọ́ fún un. Ara mi ń bù mọ́ mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Òwe míì tún wà ṣá, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ àgbà òkété, eyín ẹ̀ ti ń yẹ̀, ọmọ yẹn lá máa bá a pa ẹyìn. Ọmọ tó ń tọ́jú ẹranko yàtọ̀ sọ́mọ tó ń gun ẹranko.

Ọmọ Òṣogbo Tó Wà Lẹ́yìn Odi
Ẹ dákun ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un, torí ọ̀rọ̀ òkété yìí dùn mọ́ mi. Nílẹ̀ Tanzania, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ APOPO tí wọ́n ń kọ́ ẹbí òkété wa yìí níṣẹ́, imú yẹn náà ni wọ́n ń lò, wọ́n kọ́ wọn láti máa gbọ́ òórùn ẹ̀tù inú bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa lorúkọ ẹ̀, Cambodia ni wọ́n gbé e lọ, ó wá bọ́ǹbù ilẹ̀ tó ju 70 lọ jáde kó tó fẹ̀yìn tì ní 2021. Ara ẹ̀ fúyẹ́, ó lè tẹ ilẹ̀ yẹn kí nǹkan kan má bú. Ibi tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì, ìṣẹ́jú bí i 20 ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ wá irin lè lo ọjọ́ 1 sí 4 níbẹ̀. Ní 2020, ẹgbẹ́ PDSA tó ń tọ́jú ẹran nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní mẹ́dà wúrà ti akin, eku kankan ò gba irú ẹ̀ rí. Oṣù kìn-ín-ní 2022 ló kú.

Ẹ sọ èyí fún Àríkẹ́ ní tòótọ́, lọ́sàn-án, kì í ṣe nínú ìtàn. Tó bá ti mọ̀ pé eku kan gbẹ̀mí èèyàn là lóòótọ́, ẹ ó rí i bó ṣe máa gbọ́ ìtàn yẹn lálẹ́.

Kọ́lá Akẹ́kọ̀ọ́
Àfikún kékeré. Ẹyẹ kan wà tó máa ń júwe oyin féèyàn. Ní Mozambique, àwọn ẹ̀yà Yao ní ohùn kan tí wọ́n fi ń pè é, á dún bí i "brrr-hm", ẹyẹ á wá máa fò níwájú wọn láti igi dé igi títí wọ́n á fi débi tí oyin wà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ wò ó, wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2016: tí wọ́n bá ké ohùn míì, bí i ìgbà 33 nínú 100 ni ẹyẹ máa ṣamọ̀nà wọn, tí wọ́n bá ké ohùn yẹn gan-an, ó di 66. Ẹyẹ yẹn ò ṣe é torí ìfẹ́ èèyàn o! Ìda ló ń jẹ, kò sì lágbára láti la igi, èèyàn ló ní àáké àti èéfín. Kálukú ló mọ ohun tó ń bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni ohùn yẹn. Kọ́mọ àti òkété ní ohùn kan tó jẹ́ tàwọn méjèèjì nìkan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí Àríkẹ́ ló máa ké e nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, bí a ṣe máa ń gbe orin ààlọ́.

Alhaja Ẹlẹ́lùbọ́
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀. Mi ò fẹ́ ba ìjókòó jẹ́ o, ṣé ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ yìí ò ní kó nǹkan tí ò dáa sọ́mọ lọ́kàn? Ọmọ ọmọ mi wà tó ní ológbò ilé wọn ń bá òun sọ̀rọ̀ lóru, àwọn òbí ẹ̀ ti ń gbààwẹ̀.

Tíṣà Àgbà
Alhaja, ẹ kú àánú ọmọ. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ṣebí Ànábì Sulaimọ́nà gbọ́ ohun tí èèrà ń sọ, ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Hudihudi ló sì mú ìròyìn ayaba Sábà wá fún un, nínú Súrà tó ń jẹ́ orúkọ èèrà gan-an. Àwa tá a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú ìwé Númérì orí 22, ó rí áńgẹ́lì tí ọ̀gá ẹ̀ ò rí. Ó tiẹ̀ bá ọ̀gá ẹ̀ jà lórí lílù tó ń lù ú. Ẹranko tó ní ẹnu tiẹ̀ nìyẹn!

Ti ológbò yẹn, mo ti rí i lára ọmọ tó pọ̀. Ẹ bi ọmọ náà ohun tí ológbò sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tọ́mọ ò lè fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ló ń gbà ẹnu ológbò jáde. Tí ológbò bá ní òun ń bẹ̀rù ilé-ìwé, ẹ lọ wo ilé-ìwé.

Alhaja Ẹlẹ́lùbọ́
Ológbò ní òun ò fẹ́ kí Dádì tún lọ sí Èkó. Ẹ ṣé, Tíṣà. Màá pe ìyá ẹ̀ báyìí báyìí.

Dókítà Ẹran
Mo ń tọ́jú ẹran nínú ìlú yìí, ohun kan ni mo fẹ́ sọ, ẹ dákun ẹ má fojú fò ó. Ọmọ tó bá ń gbọ́ irú ìtàn yìí á fẹ́ ní ọ̀rẹ́ ẹranko lójú ayé, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tọ́mọ inú ìtàn bá gbà sún mọ́ ẹranko lọ́mọ tó ń gbọ́ máa gbà. Tí ti inú ìtàn bá na ọwọ́ sí ajá tí ò mọ̀ rí, tiyín á na ọwọ́. Àìsàn dìgbòlugi ń bẹ, ajá ló ń fi í ran èèyàn nínú ìgbà tó tó 99 nínú 100, tó bá sì ti hàn lára èèyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí ajá tàbí ẹranko èyíkéyìí bá bu ọmọ jẹ tàbí ó ha á lára, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ sọ́síbítù lọ́jọ́ yẹn gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi àgbo tàbí ata sí i. Àwọn ọ̀bọ inú Igbó Ọ̀ṣun náà, ẹ má jẹ́ kọ́mọ fi ọwọ́ bọ́ wọn, wọ́n máa ń já nǹkan gbà.

Nínú ìtàn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òkété ló kọ́kọ́ wá. Kọ́mọ jókòó, kó fi ẹyìn sílẹ̀, kó sún sẹ́yìn, kó dúró. Alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí òkété tó yọ imú jáde. Ọmọ tó bá ti gbọ́ èyí á mọ̀ pé a kì í fi ipá yan ọ̀rẹ́.

Bàbá Sùlè (Òkè-Baálẹ̀)
Mi ò fẹ́ sọ tèmi tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà ló fà á. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo ra àgbò Iléyá sílẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọdún 7 nígbà yẹn. Òun ló ń já ewé fún un. Ó sọ ọ́ lórúkọ, Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, pé òun àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ bá àwọn jàgídíjàgan jà lọ́nà Ìkìrun, pé ìwo Kọ́nẹ́ẹ̀lì máa ń tàn lóru, mo ń gbọ́, mò ń rẹ́rìn-ín, mi ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ó mọ̀. Ọmọ Mùsùlùmí ni, ó ti rí Iléyá rí. Ṣùgbọ́n kò fi ti ọdún yẹn pe Kọ́nẹ́ẹ̀lì rárá, lójú ẹ̀ àgbò ọ̀tọ̀ là ń pa. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tá a ti Yídì dé... mi ò ní sọ ọ́ tán. Kò fẹnu kan ẹran. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi wo ojú mi.

Àwọn kan ní kí n pa irọ́ fún un pé Kọ́nẹ́ẹ̀lì sá lọ sí igbó, pé èyí tá a pa, òmíì ni. Mi ò ṣe é, mo dúpẹ́ pé mi ò ṣe é. Mo jókòó tì í, mo ní mo jẹ̀bi, mo yẹ kí n ti sọ fún un lọ́jọ́ tá a ra àgbò, mo wá pa ìtàn Ànábì Ibrahim fún un látìbẹ̀rẹ̀, ti bàbá náà tó fẹ́ràn ohun tí Ọlọ́run ní kó fi sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé inú Ibrahim bàjẹ́?" Mo ní ó bàjẹ́. Ó ní "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi."

Tí òkété yín bá máa kú nínú ìtàn, Ìyá Àríkẹ́, torí àgbà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ṣe, ẹ má jẹ́ kó bá a lójijì. Kó ti máa rẹ̀ ẹ́. Kó máa sùn pẹ́. Kọ́mọ ti máa rí i.

Àbẹ̀kẹ́ Òròkí
Bàbá Sùlè, Ọlọ́run á bá yín wo ọmọ yín dàgbà. Mo sunkún.

Ọmọ Aláró
Ẹ ti sọ ti ẹranko tán, kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìlú tiwa yìí gan-an, ìtàn ẹranko ló dá a sílẹ̀! Tìmẹ́hìn ọdẹ àti Láróòyè wá omi kúrò ní Ìpólé, wọ́n dé etí odò, igi wó lu odò, ohùn kan ké jáde látìsàlẹ̀ pé àwọn oṣó igbó yìí ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Ibẹ̀ ni Òṣogbo ti wá. Nígbà tí Láróòyè sì tẹ́wọ́ lójú omi, ẹja ńlá fò bọ́ sí i lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi ń pe ọba wa ní A-tẹ́wọ́-gba-ẹja, Àtáọ́jà. Ọmọ tó bá ń gbé Òkè-Fíà ò yẹ kó máa wá ìjọba inú ìtàn lọ síbòmíì.

Omi yẹn ńkọ́ lónìí? Ẹ̀yin náà rí i. Látìgbà tí àwọn awakùsà ti ń wa góòlù lọ́nà òkè lọ́hùn-ún lomi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí i tíì oní-mílíìkì, ìjọba gan-an ti kìlọ̀ rí pé ká má mu ún. Igbó tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní 2005 pé ogún gbogbo ayé ni, tí Àdùnní Olórìṣà wá láti ilẹ̀ Austria tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá wa gbà là, odò tó gba àárín ẹ̀ kọjá nìyẹn. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá dúró létí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹja kan wá bẹ ọmọ yẹn. Ẹja ò lè rìn lórí ilẹ̀, òkété ò lè gbé inú omi, ọmọ ò lè gbọ́ òórùn ohun tó wà nínú omi. Kí wọ́n tẹ̀ lé odò lọ sókè, ìhà Iléṣà, títí lọ dé Èkìtì tó ti ṣẹ̀, kí wọ́n wá ẹni tó ń da aró ẹlẹ́rẹ̀ sínú ìkòkò Ọ̀ṣun. Ìrìn àjò nìyẹn. Ó lè gba oṣù mẹ́fà lálaalẹ́.

Bàbá Ìbejì
Oṣù mẹ́fà kẹ̀! Àwọn ìbejì mi fẹ́ gbọ́ èyí, ẹ máa kọ ọ́ síbí o.

Ìyá Àríkẹ́ (Òkè-Fíà)
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí ìtàn tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹtu ti lọ, mo jẹ́ kó dágbére dáadáa, ó ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ lọ sùn nínú igbó, ọmọ mi ní "mo mọ̀". Òkété ò yọjú lálẹ́ àkọ́kọ́. Kò yọjú lálẹ́ kejì. Mo rò pé ọmọ á bínú, ńṣe ló ń sọ fún mi pé kí n rọra sọ̀rọ̀ kó má bàa sá. Alẹ́ kẹta ló fi imú jáde, orúkọ ẹ̀ ni Àpò, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó bínú díẹ̀, ó kanra, kò fẹ́ràn àtùpà, kò sì gbà láti lọ etí odò títí ọmọ fi ṣèlérí ẹyìn mẹ́wàá. Àríkẹ́ ló ń dúnàádúrà náà fúnra ẹ̀, èmi ni òkété. Ohùn tí wọ́n fi ń pe ara wọn, òun náà ló yàn án, mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀fun ló ti ń wá.

Lálẹ́ àná ni wọ́n pínyà. Àwọn kan ń lé wọn bọ̀, Àpò bọ́ sínú ihò kan lẹ́bàá odò, ọmọ ò lè wọ ibẹ̀, ó sá gba òdìkejì. Mo dúró níbẹ̀. Ó ké ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú òkùnkùn, èmi ò dáhùn. Ó ní "Mọ́mì, ṣé ó ti dà mí ni?" Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ yìí, ẹyìn méjì ló wà lórí ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó to ó síra wọn.

Ọmọ Ọdẹ, ó ní kí n bi yín kílẹ̀ tó ṣú: ihò òkété, ṣé ẹnu kan ṣoṣo ló máa ń ní?

Ọmọ Ọdẹ
Rárá ma. Ó máa ń ju ẹyọ kan lọ, òmíì a jìnnà síra wọn gan-an. Tó bá ti wọlé, ó máa ń fi yẹ̀pẹ̀ dí èyí tó gbà wọlé látinú. Ẹ sọ fún un kó fi èyí tó dí yẹn sílẹ̀, kó lọ wá èyí tí ewé bò.